Ìka Méjì Lọ́rùn Ọwọ́

Ìmọ̀ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń fi í ṣe wàhálà wù mí púpọ̀. Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí yunifásítì tó ń jẹ́ Olábísí Ọnàbánjọ lónìí ti wà láti 1982, kò ní rìn jìnnà kó tó dé Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ yìí dé ìpele másítà.

Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ yìí kan lẹ́nu iṣẹ́. Àpótí kan wà nílẹ̀, gíga rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 50. Ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò á máa gùn ún, á máa sọ̀ kalẹ̀, ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú kan, títí di ìṣẹ́jú 5. Bó bá ti jókòó báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ á fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́ onítọ̀hún láti ka lílù ọkàn rẹ̀, ojú akẹ́kọ̀ọ́ kò ní kúrò lára aago. Ọkàn tó bá tètè rọlẹ̀, ọkàn tó lágbára ni. Yunifásítì Harvard ni ìdánwò yìí ti jáde nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Kò bẹ iná mànàmáná, ìyẹn gan-an ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹni tó ń la gẹdú n'Íjẹ̀bú-Igbó, ẹni tó ń fi àjẹ̀ tukọ̀ ní Ogun Waterside, agbára wọn tó ohun tí à ń wọ̀n. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé àpótí yín dé ọ̀dọ̀ wọn.