Blue Lock àti Sẹ́ẹ̀tì Musin

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ká má purọ́, Blue Lock dùn. Muneyuki Kaneshiro bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà ní 2018, Yusuke Nomura ló ń ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n kó ọmọkùnrin 300 tó ń gbá iwájú jọ. Ẹni tó bá já, kò ní gbá bọ́ọ̀lù fún Japan mọ́ láyé.

Ibi tí mo ti ń bá a jà nìyẹn. Nínú eré àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù kan péré ló ba Kira lójú, ìràwọ̀ tí gbogbo wọn mọ̀, ó di ilé. Ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n dán wò níbẹ̀ ni, àbí orí?

Ní àdúgbò Musin, sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá nà á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àmọ́ tó bá tún kàn án, á padà wọlé. Ní Olympics 1996 ńkọ́? Brazil na Nàìjíríà 1-0 ní ìpele àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ òfin Blue Lock ni, ó parí. Ṣùgbọ́n a tún pàdé wọn ní sẹmi-fáínà, a nà wọ́n 4-3, a sì na Argentina gba wúrà.

Kaneshiro náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ tó bá borí ń mú ẹnìkan lára àwọn tó pàdánù. Ìgbà tí ẹgbẹ́ Rin mú Bachira lọ ni Isagi tó rí nǹkan gidi lé. Ibẹ̀ ló dùn jù, torí pé Isagi ṣì lè gbà á padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ ìtàn ìdíje, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ẹni tí wọ́n nà lọ́nà àtipadà.