Iṣẹ́ Ọwọ́ Olùkọ́ Àkànṣe

Ẹ wo ọmọ tó ń pe b ní d. Ọ̀pọ̀ tíṣà á ní olódo ni, wọ́n á sì nà án lẹ́gba. Olùkọ́ àkànṣe, ìyẹn olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń nira fún, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á da yanrìn sínú àwo pẹrẹsẹ, á di ìka ọmọ náà mú, wọ́n á jọ fa igi lẹ́tà náà wálẹ̀ kí wọ́n tó yí ikùn rẹ̀, ọmọ á sì máa pe ìró rẹ̀ sókè. Ojú ń rí i, etí ń gbọ́ ọ, ọwọ́ ń mọ̀ ọ́n. Samuel Orton, oníṣègùn ọpọlọ, àti Anna Gillingham, olùkọ́, ló la ọ̀nà yìí ní Amẹ́ríkà.

Ní tiwa ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ àkànṣe sílẹ̀ lọ́dún 1977. Ọ̀yọ́ ló wà. Mo gbóṣùbà fún àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ gidigidi. Ohun tó wú mi lórí jù ni bí olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣọ́ àṣìṣe ọmọ: á kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́tà wo, níbo nínú ọ̀rọ̀, láàárọ̀ ni àbí nígbà tó ti rẹ ọmọ. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀kọ́ ọ̀la á ti bẹ̀rẹ̀.