Ọdẹ, Ìgbì àti Ilẹ̀ Òfìfo: Àyẹ̀wò Ìbẹ̀rẹ̀ Ìtàn Bìní Láti Ọwọ́ Egharevba

Nínú ìwé ìtàn Bìní tí Jacob Egharevba kọ, tí ó kọ́kọ́ jáde ní èdè Ẹ̀dó ní 1933, kí ó tó di ti Gẹ̀ẹ́sì ní 1934, ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń tọ́ka sí jù. Ibẹ̀ náà sì ni wọn kì í kà dáadáa. Egharevba sọ pé láti Íjíbítì ni àwọn Bìní ti wá, pé wọ́n dúró díẹ̀ ní Sùdáànì àti ní Ilé-Ifẹ̀, àti pé láti Ifẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rán ọ̀wọ́ ọdẹ lọ yẹ ilẹ̀ tí Bìní wà lónìí wò. Àwọn ọdẹ mú ìròyìn rere bọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó wá fi kún un pé wọ́n bá àwọn ènìyàn kan nílẹ̀, tí àwọn náà ti ọ̀dọ̀ Tápà àti láti Sùdáànì wá ní ìgbì-ìgbì.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí tú èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ ká. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ọdẹ Yorùbá yóò dá ìlànà rẹ̀ mọ̀: ọdẹ a wọ igbó, a rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, a sì padà wálé wá rò ó. Lórí ìlànà yìí ni Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ kà ní 1938. Ìpadàbọ̀ ni òpó irú ìtàn bẹ́ẹ̀; ọdẹ tí kò bá padà kò ní ìtàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ kò ní ilé tí wọn yóò padà sí. Ilé wọn ń bá wọn lọ ni, tìyàwó tọmọ. Ọ̀rọ̀ náà ‘ọdẹ’ pàápàá ń ṣini lọ́nà, nítorí pé ó fi àwọn tí ń wa iṣu igbó tí wọ́n sì ń ṣa èso sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ni ó sábà máa ń bọ́ agbo.

Ọ̀rọ̀ ‘ìgbì’ bá tàwọn onímọ̀ ìṣirò pàdé. Ní 1937, R. A. Fisher ṣírò bí àbùdá tuntun ṣe ń tàn káàkiri láàrin ohun abẹ̀mí bí ìgbì omi. Ní 1998, Steele, Adams àti Sluckin lo irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ láti ṣe àwòṣe bí àwọn ọdẹ ìjímìjí ṣe tàn ká Àríwá Amẹ́ríkà, wọ́n sì ka irú igbó àti pápá ìgbà náà mọ́ ọn. Ohun méjì ni ó gbára lé: bí ènìyàn ṣe ń bí sí i, àti bí ọmọ ṣe ń jìnnà sí ibi tí a bí i sí. A kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ nínú rẹ̀. Ká ní ìran kọ̀ọ̀kan ń fi kìlómítà 10 sún síwájú, nǹkan bí kìlómítà 170 tí ó wà láàrin Ifẹ̀ àti Bìní yóò gba ìran 17, ìyẹn ọdún 425 bí ìran kan bá jẹ́ ọdún 25. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí yóò mọ̀ pé òun wà lẹ́nu ìrìnàjò.

Àwòṣe náà ní àléébù tirẹ̀: ó gbà pé ilẹ̀ ṣófo, gẹ́gẹ́ bí ìròyìn ọdẹ ti fẹ́ kí a gbà. Ní agbègbè yìí, a kò lè gba èyí bẹ́ẹ̀. Ní 1965, Thurstan Shaw àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ hú egungun ènìyàn jáde ní Ihò Eléérú nítòsí Àkúrẹ́ (‘Iwo Eleru’ ni àwọn ìwé òyìnbó sọ ọ́ dà). Ó ti ju 11,000 ọdún lọ, àyẹ̀wò tí ó jáde ní 2011 sì fi hàn pé ìrísí agbárí náà jọ ti àwọn ènìyàn tí ó ti pẹ́ jù ú lọ jìnnà. Orúkọ Ifẹ̀ tàbí Bìní kò tí ì sí nígbà náà.

Ní 2004, ìwé Ọba Erediauwa sọ pé Ekaladerhan, ọmọ Ògìsò, ni ó di Odùduwà. Àríyànjiyàn gbòde. Ibi tí ẹni náà ti gbéra ni wọ́n ń jà lé lórí. Pé ẹnìkan gbéra, kò sẹ́ni tí ó jiyàn rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ iṣẹ́ lórí ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ a máa ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, a sì fo àwọn tí ọdẹ bá nílẹ̀ kọjá. Egharevba gan-an kò dúró tì wọ́n pẹ́. Kíá ni ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ àwọn Ògìsò.