Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Olùfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún Ìdámọ̀ Àìsàn Ọpọlọ: Àríwísí Lórí Ìbáramu Máàkì

Ìfáárà

Ẹ̀jẹ̀ ṣeé yẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá ibà ló ń ṣe ènìyàn, ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ sì ṣeé yà ní fọ́tò. Àìsàn ọpọlọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu aláìsàn, etí olùbéèrè àti ìwà tó hàn sójú ni ohun èlò pàtàkì tí wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ìdí nìyí tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tí yóò ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà, tí wọn yóò sì fún un ní máàkì, fi jẹ́ òpómúléró nínú ìwádìí. Iṣẹ́ yìí ṣe àríwísí irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Èrò tó gbé kalẹ̀ ni pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó bá parí sórí ìbáramu máàkì nìkan kò tíì tó láàrin àwọn elédè Yorùbá.

Oríṣi Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Méjì

Àpẹẹrẹ oríṣi kìíní ni Present State Examination, tí Wing, Cooper àti Sartorius tẹ ìwé lé lórí ní 1974. Nínú èyí, olùbéèrè lómìnira láti tọpinpin ọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì pinnu bóyá àmì àìsàn wà tàbí kò sí. Irú rẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé lò nínú ìwádìí tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1973. Ìbàdàn wà lára ibùdó 9 tí wọ́n ti ṣe é fún aláìsàn 1202. Àpẹẹrẹ oríṣi kejì ni CIDI, tí àjọ yìí kan náà gbé jáde. Ẹni tí kì í ṣe dókítà lè lo èyí: yóò ka ìbéèrè bí wọ́n ṣe kọ ọ́, òfin tó wà nílẹ̀ ni yóò sì sọ ìdáhùn di orúkọ àìsàn.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún méjèèjì kò lè jọra. Nínú ti kìíní, akẹ́kọ̀ọ́ méjì lè jókòó ti aláìsàn kan. Ọ̀kan yóò béèrè, àwọn méjèèjì yóò fún un ní máàkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́yìn náà ni wọn yóò jiyàn lórí ibi tí wọn kò ti fohùn ṣọ̀kan. Nínú ti kejì, akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ láti má ṣe fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún ìbéèrè, kí ó má sì yọ nínú rẹ̀.

Ohun tí Ìṣirò Lè Sọ

Òṣùwọ̀n tó gbajúmọ̀ jù fún ìbáramu yìí ni kappa, tí Jacob Cohen gbé kalẹ̀ ní 1960. Bí àpẹẹrẹ, kí olùbéèrè méjì ṣàyẹ̀wò ènìyàn 100, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ pé 10 ní ìsoríkọ́, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ pé 5 péré ni àwọn méjèèjì jọ mú. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ènìyàn 90. Èyí dára létí, àmọ́ èèṣì nìkan ìbá mú kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí 82. Nígbà tí wọ́n bá yọ ti èèṣì kúrò, kappa kò ju 0.44 lọ. Olùkọ́ tó bá ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún nìkan ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Síbẹ̀, kappa pàápàá ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Aago méjì tí wọ́n yí sí àkókò kan náà lè jọ ṣìnà.

Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Nínú Fọ́ọ̀mù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí; bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Fọ́ọ̀mù kò mọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀. Bí ọ̀dọ́mọbìnrin olùwádìí bá kúnlẹ̀ kí bàbá àgbàlagbà kan, tó sì béèrè pé, “Bàbá, ǹjẹ́ ẹ ti ronú rí láti pa ara yín?”, ó ṣeé ṣe kí bàbá dáhùn pé, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Àdúrà ni èyí, kì í ṣe ìdáhùn. Ṣùgbọ́n “bẹ́ẹ̀ ni” àti “rárá” ló wà lórí fọ́ọ̀mù. Olùwádìí méjì tí wọ́n jọ gba ẹ̀kọ́ kan náà yóò mú “rárá”. Máàkì wọn bára mu, àmọ́ òtítọ́ lè ti sá lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni “a dúpẹ́” lẹ́nu ẹni tí kò sùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Ní ìdàkejì, aládùúrà tó ní òun ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ lè máa ròyìn ìgbàgbọ́ rẹ̀, kí ó má jẹ́ àìsàn rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Nínú ìwádìí tí Gureje àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi CIDI ṣe ní Nàìjíríà, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2006, àgbàlagbà 4984 ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ìdá 12.1 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ní àìsàn ọpọlọ kan rí, ìdá 5.8 ló ní in láàrin oṣù 12 tó ṣáájú. Iye yìí kéré sí ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àwọn olùwádìí náà fúnra wọn gbà pé ọ̀nà tí wọ́n fi ṣàwárí àìsàn náà ń fẹ́ àyẹ̀wò sí i. Ó ṣeé ṣe kí iye náà kéré lóòótọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló mú un kéré, a jẹ́ pé àwọn aláìsàn kan wà tí ètò ìlera kò kà mọ́ ènìyàn.

Ẹ̀rí Ìdàkejì

Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni torí èyí sọ pé kí olúkúlùkù máa béèrè bó ṣe wù ú. Ní 1972, Cooper àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn dókítà New York ń pe aláìsàn ní oní-schizophrenia ju àwọn ti Lọ́ńdọ̀nù lọ. Nígbà tí wọ́n lo ìlànà kan náà fún ìlú méjèèjì, púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ náà pòórá. Àǹfààní ìlànà kò ṣeé kó dànù. Ibi tó kù sí ni kí ìlànà náà gbọ́ èdè ẹni tó ń dáhùn.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ó wọ inú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà. Èkíní, kí ohùn tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi dánra wò jẹ́ ti àwọn elédè Yorùbá tó yọ̀ǹda rẹ̀, kí àdúrà, òwe àti ẹnà sì wà nínú rẹ̀. Èkejì, kí ìwé ìlànà sọ ìbéèrè àtẹ̀lé tí gbogbo olùwádìí yóò lò nígbà tí ìdáhùn bá jẹ́ àdúrà. Èyí kò ní ba ìbáramu jẹ́. Ẹ̀kẹta, kí dókítà ọpọlọ tún bá díẹ̀ nínú àwọn olùdáhùn sọ̀rọ̀ láìmọ máàkì àkọ́kọ́, kí èyí sì máa wáyé títí iṣẹ́ yóò fi parí, nítorí etí tó gba ẹ̀kọ́ lónìí lè gbàgbé lọ́la. Olùwádìí tí kò bá mọ odindi tó wà nínú ààbọ̀ kò tíì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, bí máàkì rẹ̀ tilẹ̀ bá ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ mu.