Àwọ̀ Èèkù Kì Í Ṣe Bátànì

Nọ́ńbà mẹ́rin ni W. R. Case & Sons, ilé-iṣẹ́ ọ̀bẹ àpò tó wà ní Bradford, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, sábà máa ń tẹ̀ sí ìdí ojú ọ̀bẹ wọn. Ká ní 6254 ló wà níbẹ̀. Mẹ́fà ń sọ pé egungun tí wọ́n fín ni èèkù rẹ̀. Méjì ń sọ iye ojú tó ní. 54 sì ni bátànì, ìyẹn Trapper, ọ̀bẹ gbọọrọ olójú méjì tí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ bí ẹni mowó. Bí wọ́n bá fi ìwo àgbọ̀nrín rọ́pò egungun, ó di 5254. Bí wọ́n bá fi ike aláwọ̀ ìyeyè sí i, ó di 3254. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ nìkan ló yí padà; bátànì dúró síbi tó wà.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn akọ́bẹjọ, ìyẹn àwọn tó ń kó ọ̀bẹ jọ, wà. Bí ọdún tuntun bá ti ń kanlẹ̀kùn, ohun méjì ni wọ́n máa ń retí lọ́wọ́ àwọn aṣọ̀bẹ: bátànì tuntun àti èèkù tuntun. Èyí èkejì ni ọwọ́ wọn máa ń tẹ̀ jù. Egungun aláwọ̀ ewé lè jáde lọ́dún yìí, aláwọ̀ búlúù lẹ́yìn náà, kí aláwọ̀ ọsàn tún tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ lórí Trapper kan náà. Ẹ̀tọ́ akọ́bẹjọ ni láti bèèrè méjèèjì. Ohun tí kò yẹ kó gbà ni kí wọ́n máa fi èkejì san gbèsè èkíní.

Kò yẹ kí a sì bú àwọn ilé-iṣẹ́ náà láìwo ohun tó wà nínú iṣẹ́ wọn. Inú ọ̀bẹ yìí kéré, àmọ́ iṣẹ́ ibẹ̀ le. Awẹ́ idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà lọ́tùn-ún àti lósì. Sípíríǹgì irin dúró láàárín wọn ní apá ẹ̀yìn. Ojú ọ̀bẹ sì ń yí lórí ìṣó kan níbi orí. Kò sí ohun tó ń tì í pa. Bí a bá ṣí i, ìdí ojú náà yóò fi apá pẹrẹsẹ rẹ̀ jókòó lé sípíríǹgì, agbára sípíríǹgì nìkan ni yóò sì dá a dúró. Akọ́bẹjọ tó mọ̀ ọ́n kì í kọ́kọ́ wo àwọ̀. Yóò ṣí ọ̀bẹ náà dé ìdajì, yóò ṣí i tán, yóò pa á dé, yóò sì fi èékánná àtàǹpàkò wọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí sípíríǹgì bá yọ sókè tàbí tó rì ju awẹ́ idẹ lọ, ibẹ̀ ni èékánná yóò ti kọ́. Yóò tún tẹ́tí sí i, nítorí ọ̀bẹ tó péye máa ń dún ketekete nígbà tó bá ń ṣí àti nígbà tó bá ń pa dé.

Bátànì tuntun túmọ̀ sí pé gbogbo ìwọ̀n yìí di àtúnṣírò. Wọ́n ní láti ṣe mọ́ọ̀dù irin tí yóò máa gé ojú ọ̀bẹ, òmíràn fún sípíríǹgì, òmíràn fún awẹ́ idẹ, kí wọ́n tó rí ọ̀bẹ kan ṣoṣo tà. Èèkù tuntun kò bèèrè ju pátákó egungun tí wọ́n rẹ sínú aró mìíràn. Ẹni tó bá sì rántí ohun tó dé bá òwò yìí láti ọdún 2004 yóò mọ ìdí tí àwọn tó kù fi ń ṣọ́ owó ná. Ọdún yẹn ni Imperial Schrade ti ilẹ̀kùn ní Ellenville ní New York. Camillus tẹ̀ lé e ní 2007. Queen Cutlery, tó ti ń ṣọ̀bẹ ní Titusville láti 1922, parí iṣẹ́ ní 2018. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kékeré tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ orúkọ wọn rí.

Síbẹ̀, bátànì ni ọkàn iṣẹ́ náà, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ló bí wọn. Ẹ wo Stockman, ọ̀bẹ olójú mẹ́ta tí àwọn darandaran Amẹ́ríkà ń lò. Ojú àkọ́kọ́ gùn, ó sì ṣóńṣó, ó wà fún iṣẹ́ gbogbo. Ẹnu èkejì tọ́ gbọnrangandan, orí rẹ̀ sì dà wálẹ̀, kó lè gé nǹkan lórí igi láìfi ṣóńṣó gún ohunkóhun. Ojú kẹta, tí wọ́n ń pè ní spey, ni ó ṣe àjèjì jù: orí rẹ̀ róbótó, kò mú ṣóńṣó rárá. Títẹ ẹran lọ́dàá ni wọ́n ṣe é fún. Bí màlúù bá ta pá nígbà tí ọ̀bẹ wà nídìí rẹ̀, orí róbótó yẹn ni kò ní jẹ́ kí ọ̀bẹ gún un. Nínú gbogbo àwọn tó ń ra Stockman lónìí, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò fi tẹ ẹranko kankan lọ́dàá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí ojú kẹta yẹn ń wo ìrònú alágbẹ̀dẹ kan tó mọ bí ẹran ṣe máa ń jà. Àwọ̀ èèkù kò lè gbé irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Barlow náà ní ìtàn tirẹ̀. Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, irin gígùn tó bo orí èèkù rẹ̀ ni a fi ń dá a mọ̀: ó ń ki ọ̀bẹ náà láyà gan-an níbi tí ojú ti ń yí. Nígbà tí Mark Twain fi máa tẹ ìwé rẹ̀ nípa Tom Sawyer jáde ní 1876, ọ̀bẹ Barlow ti di ohun tí ọmọkùnrin Amẹ́ríkà kan lè yọ̀ mọ́ títí ara rẹ̀ yóò fi máa gbọ̀n.

Ta ló wá ń dáhùn ìbéèrè fún bátànì? Ní Titusville, ìlú kan náà tí Edwin Drake ti wa kànga epo rọ̀bì ní 1859, wọ́n dá Great Eastern Cutlery sílẹ̀ ní 2006. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣiṣẹ́ yàtọ̀. Wọn kì í ṣe bátànì kan láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Wọ́n á mú férémù kan, wọ́n á ṣe ìwọ̀nba ọ̀bẹ lórí rẹ̀ pẹ̀lú oríṣi èèkù díẹ̀, wọ́n á sì kó mọ́ọ̀dù rẹ̀ pamọ́, bóyá fún ọdún púpọ̀. Lórí férémù nọ́ńbà 15 wọ́n ti ṣe Barlow tó ní ojú ṣóńṣó, wọ́n ti ṣe èyí tó ní ojú tó tọ́, wọ́n sì ti fi férémù yẹn ṣe ọ̀bẹ tí kì í ṣe Barlow rárá. Ọgbọ́n ńlá ni èyí. Ó fi hàn pé àárín èèkù lásán àti mọ́ọ̀dù tuntun pátápátá, ọ̀nà kẹta wà: kí wọ́n fi ojú mìíràn sórí ara tó ti wà.

Ìpalára rẹ̀ ni pé ọ̀bẹ náà kì í kárí. Ohun tó bá jáde lówùúrọ̀ lè ti tán kí ilẹ̀ tó ṣú, lẹ́yìn ìyẹn yóò dé ọwọ́ àwọn tó ń tún un tà lówó gọbọi. Àgbẹ̀ tó fẹ́ fi ọ̀bẹ gé okùn kò lè bá ẹni tó fẹ́ tì í mọ́ inú àpótí du ọjà. Èyí ni àléébù tó wúwo jù nínú ọ̀nà Titusville, kò sì yẹ kí ìfẹ́ tí àwọn akọ́bẹjọ ní sí ilé-iṣẹ́ náà bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹnìkan wà tó fi hàn ju ẹlòmíràn lọ pé tuntun lè ti inú ọ̀bẹ àtijọ́ yọ. Tony Bose, ará Shelburn ní Indiana tó kú ní 2020, jẹ́ alágbẹ̀dẹ tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọ̀bẹ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ka ọ̀bẹ àwọn ará ìṣáájú bí ẹni ka ìwé: ó wo ibi tí ìlà ẹ̀yìn ti tẹ̀, ibi tí ojú ti fẹ́ jù, ibi tí ọwọ́ kò ti rọ̀gbọ̀, ó sì tún un ṣe. Case bá a dòwò pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí bátànì rẹ̀ lè dé ọwọ́ ẹni tí kò ní owó ọ̀bẹ àfọwọ́ṣe. Lanny's Clip àti Backpocket wà lára ohun tó fi sílẹ̀. Ẹni tó bá gbé Lanny's Clip sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ olójú kan ti ayé àtijọ́ yóò rí i pé ẹbí kan náà ni wọ́n. Kò sì sí ẹni tó lè pe èyí tuntun ní àdàkọ.

Ọ̀rọ̀ èèkù kò kéré náà, bí a bá ti yọ àwọ̀ kúrò níbẹ̀ tí a sọ ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Egungun ojúgun màlúù ni Case ń lò, láti Bùràsíìlì ló sì ti ń wá. Wọ́n á fọ ọ̀rá kúrò lára rẹ̀, wọ́n á là á sí pátákó, ẹ̀rọ á fín in ní kòtò-kòtò, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró. Fífín yìí kò bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀ṣọ́. Ìwo àgbọ̀nrín ni wọ́n ń fi egungun ṣe àfarawé rẹ̀, nítorí pé egungun pọ̀ ju ìwo lọ. Àmọ́ àfarawé náà dàgbà, ó gba òmìnira. Lónìí, egungun tí ilé-iṣẹ́ Rogers ní Rockfall ní Connecticut fín láyé àtijọ́ ní orúkọ tirẹ̀ láàárín àwọn akọ́bẹjọ, wọ́n sì ń wá a kiri bí ìwo fúnra rẹ̀. Ike Delrin tí Schrade fi ṣe èèkù àwọn ọ̀bẹ Old Timer wọn tún wá fara wé egungun tó fara wé ìwo, òun náà sì ti ní àwọn olólùfẹ́ tirẹ̀.

Ìwo tó dára jù ń wá láti ara sambar, àgbọ̀nrín ńlá ilẹ̀ Íńdíà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá parí, ìjọba Íńdíà fòfin de kíkó o jáde, kódà èyí tó já bọ́ fúnra rẹ̀ nínú igbó. Láti ìgbà náà ni owó rẹ̀ ti ń gòkè. Eyín erin ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà pátápátá, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Erin ilẹ̀ Áfíríkà ni àwọn aṣọ̀bẹ Sheffield bíi Joseph Rodgers fi eyín wọn ṣe èèkù lọ rẹpẹtẹ, títí di ìgbà tí àdéhùn CITES fòfin de òwò rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè ní 1989. Ẹnikẹ́ni tó bá ń yin ẹwà èèkù funfun ayé àtijọ́ gbọ́dọ̀ ka ikú àwọn erin yẹn mọ́ iye rẹ̀.

Sẹ́lúlọ́ìdì, ike àkọ́kọ́ tó gbòde, ń dán lóríṣiríṣi àwọ̀, ṣùgbọ́n bó bá gbó, ó máa ń tú èéfín kíkan jáde. Èéfín yẹn á jẹ ojú ọ̀bẹ tirẹ̀, á sì tún jẹ ti àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ nínú àpótí kan náà. Micarta, aṣọ tàbí bébà tí wọ́n rì sínú oje kẹ́míkà tí wọ́n sì tẹ̀ pọ̀ gbagidi, kò ní irú àìsàn yìí. Ọ̀rá ọwọ́ ẹni tó ń lò ó ni yóò máa sọ ọ́ di dúdú díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi tọ́ sí ọ̀bẹ ìṣẹ̀ǹbáyé ju ọ̀pọ̀ ike aláràbarà lọ.

Igi ni àròkọ yìí ní ìrètí jù sí. Ẹ́bónì, tí àwọn aṣọ̀bẹ fẹ́ràn gan-an, ń hù nínú igbó tó bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù Nàìjíríà lọ dé Kamẹrúùnù àti Gàbọ́ọ̀nù. Ní 2011, ilé-iṣẹ́ gìtá Taylor pẹ̀lú alájọṣe wọn láti Sípéènì ra ilé ìlagi kan ní Yaoundé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé àwọn agégi ń gé igi lulẹ̀, tí wọ́n á sì fi sílẹ̀ kó jẹrà nítorí pé inú rẹ̀ ní ìlà pupa rúsúrúsú, kò dúdú kirikiri bí oníbàárà ṣe fẹ́. Taylor bẹ̀rẹ̀ sí í lo igi onílà náà. Èèkù tuntun gidi ni èyí fún ọ̀bẹ àpò: kò sí pátákó méjì tí ìlà wọn yóò dọ́gba, kò sì bèèrè aró kankan. Bí ó bá dé ọwọ́ aṣọ̀bẹ, igi tí wọ́n ti gé náà kò ní jẹrà lásán.

Ní ti bátànì, méjì ló yẹ kí àwọn akọ́bẹjọ tẹnu mọ́. Àkọ́kọ́ ni lambsfoot ti Sheffield, ọ̀bẹ olójú kan tí ẹnu rẹ̀ tọ́, tí ẹnikẹ́ni lè pọ́n lórí òkúta pẹrẹsẹ láìkọ́ṣẹ́. A. Wright & Son ṣì ń ṣe é. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1988 sì fàyè gba ọ̀bẹ kíká tí kò ní àtìpa, bí ẹnu rẹ̀ kò bá ju ínṣì mẹ́ta lọ, nítorí náà kì í ṣe ọ̀bẹ inú àpótí nìkan. Àmọ́ àsìkò ń lọ: Stan Shaw, tó wọ iṣẹ́ ọ̀bẹ ní Sheffield nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 14, tó sì wà lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi lé ní 90, kú ní 2021. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ mọ́ nílùú náà.

Èkejì ni whittler onísípíríǹgì méjì, èyí tó le jù nínú gbogbo wọn. Ojú ńlá rẹ̀ nípọn ní ìdí, ó sì ń jókòó lé sípíríǹgì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú kékeré méjì wà ní òdìkejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí sípíríǹgì tirẹ̀, tí awẹ́ idẹ tó ń tín-ín-rín lọ sì là wọ́n láàárín. Bí sípíríǹgì kan bá le ju èkejì lọ díẹ̀, ojú ńlá yóò tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ilé-iṣẹ́ kì í fẹ́ dáwọ́ lé e bí kò bá dá wọn lójú pé yóò tà. Àwọn oníṣòwò ọ̀bẹ ní Amẹ́ríkà ti ń bá ilé-iṣẹ́ ṣe àdéhùn fún ọ̀bẹ tí wọn nìkan yóò tà, àmọ́ èèkù tó yàtọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi àǹfààní yẹn bèèrè. Owó àdéhùn bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí àwọn akọ́bẹjọ dá jọ sórí whittler, kí wọ́n san án ṣáájú, kí wọ́n sì gba egungun lásán tàbí ẹ́bónì onílà tí ilé-iṣẹ́ bá ní nílẹ̀ fún èèkù rẹ̀.