Mólúè Àfọwọ́ṣe

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí mólúè àfọwọ́ṣe kan, ẹ̀dà kékeré bọ́ọ̀sì akérò Èkó, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n fi pákó àti páànù kàn, tó gùn tó apá àgbàlagbà, àwọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gba ojú mi: yẹ́lò tó mọ́ rekete, ìlà dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa. Fèrèsé rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ, ìjókòó fún pọ̀ mọ́ra, ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu níbi tí kọ̀ńdọ́ máa ń rọ̀ mọ́.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Agolo sàdíìnì ni wọ́n fi ń ṣe ara ọkọ̀, ìdérí ìgò ni táyà, okùn ni wọ́n fi ń wọ́ ọ káàkiri àdúgbò. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti já fáfá á gé àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì tó gbó fi ṣe táyà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kan mólúè gidi. Ṣásí ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911 láti Jámánì ni wọ́n lò, àwọn jórinjórin wa ló sì kọ́ ara ọkọ̀ lé e lórí. Ọmọ tó ń kan kékeré ń tọ ipasẹ̀ àwọn ọ̀gá wọ̀nyẹn.

Láti ọdún 2008 tí bọ́ọ̀sì BRT, tó ní ọ̀nà tirẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, mólúè ti dín kù gan-an lójú títì. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó gidi ra ẹ̀dà kékeré ọkọ̀ Batman sínú pálọ̀, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún mólúè àfọwọ́ṣe, kí ẹ sì san owó tó yẹ oníṣẹ́ ọwọ́ náà.