Ìdágbére Johnny Carson àti Ẹ̀rí Àwọn Òǹwòran: Ìyìn ni tàbí Oríkì?

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ a kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní oṣù Karùn-ún ọdún 1992 yàtọ̀ sí èyí. Johnny Carson, atọ́kùn ètò ìtàkùrọ̀sọ alaalẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ The Tonight Show lórí tẹlifíṣàn NBC, di ère láàyè. Kò kú, iṣẹ́ ni ó fẹ̀yìn tì. Síbẹ̀, bí ẹni ń dárò òkú ni ọ̀pọ̀ òǹwòran ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1962 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́kùn ètò náà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1992 ni ó fi í sílẹ̀. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ènìyàn ni ó wo ètò ìdágbére náà.

Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ẹ̀rí tí àwọn òǹwòran ń jẹ́ nípa irú ìfẹ̀yìntì bẹ́ẹ̀ ju ọ̀rọ̀ àárò lásán lọ. Lítíréṣọ̀ alohùn ni, ó sì ṣe pàtàkì nítorí pé apá kan wà nínú iṣẹ́ Carson tí kò sí níbòmíràn mọ́ àfi ní ẹnu àwọn tí ó wò ó. Ṣùgbọ́n àléébù kan wà lára ẹ̀rí náà: ìyìn pọ̀ nínú rẹ̀ ju oríkì lọ.

Ìlànà Ìṣeré Náà

Ètò náà ní ìlànà tí kì í yẹ̀. Orin ìṣíde ni yóò kọ́kọ́ dún. Ed McMahon, igbákejì atọ́kùn, yóò fa ohùn gùn láti pe orúkọ ọ̀gá rẹ̀. Carson yóò yọ láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, yóò sì wà lórí ìdúró sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ nípa ohun tí ó ń lọ láàárín ìlú. Lẹ́yìn èyí ni yóò lọ jókòó sídìí tábìlì, tí àwọn àlejò yóò sì máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí gbólóhùn ìṣíde àlọ́ ń ṣe ni àwítúnwí alaalẹ́ yìí ń ṣe. Ó ń sọ fún òǹwòran pé iṣẹ́ òòjọ́ ti parí, pé àkókò ẹ̀rín ti dé, àti pé ẹni tí ó tọ́kùn lánàá ni yóò tọ́kùn lónìí.

Láàárín ìlànà tí kò yí padà yìí ni Carson ti ń dá àrà. Nínú eré kan tí ó máa ń ṣe, a wé láwàní, a sì pe ara rẹ̀ ní Carnac, aríran tí ó mọ ohun tí ó wà nínú àpòòwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí. Ìdáhùn ni yóò kọ́kọ́ sọ. Ẹ̀yìn náà ni yóò ya àpòòwé láti ka ìbéèrè. Àlọ́ àpamọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ni èyí. Bí ẹ̀fẹ̀ náà bá tẹ́, tí àwọn tí ó wà nínú gbọ̀ngàn sì kùn, Carnac a gbé wọn ṣépè, èpè náà a sì pa wọ́n lẹ́rìn-ín ju ẹ̀fẹ̀ tí ó tẹ́ lọ. Ibí yìí ni ọgbọ́n rẹ̀ wà: ìkùnà òṣèré di ara ìṣeré.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ní àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tí ó wà nílé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1973, ó fi ọ̀wọ́ngógó bébà ìnùdí ṣe ẹ̀fẹ̀. Àwọn òǹwòran sáré lọ sí ọjà, wọ́n ra bébà náà jọ, ọ̀wọ́ngógó tí ó jẹ́ ẹ̀fẹ̀ lálẹ́ sì di òótọ́ ní ojúmọ́.

Ìdáhùn Tí Ó Pẹ́

Bí apàlọ́ bá ké ‘Ààlọ́ o!’, àwọn olùgbọ́ yóò dáhùn ‘Ààlọ̀!’ lójú ẹsẹ̀. Òǹwòran tẹlifíṣàn kò ní irú àǹfààní yìí. Carson ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn tí ó wà nínú gbọ̀ngàn. Kò gbọ́ ti ẹni tí ó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, tàbí ti ọmọdé tí ó jí wò ó lẹ́yìn tí òbí rẹ̀ ti ní kí ó lọ sùn. Ìdáhùn tí àwọn wọ̀nyí kò rí ààyè ṣe fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n kó jọ ní 1992. Ìdí nìyí tí ìrántí wọn kì í fi í dá lórí ẹ̀fẹ̀ Carson nìkan. Inú ilé tí wọ́n ti wò ó, àwọn tí wọ́n jọ wò ó àti ọjọ́ orí wọn nígbà náà máa ń wọ inú rẹ̀. Ìgbésí ayé ara wọn ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ kà.

Ìdágbére náà gan-an bá èyí mu. Ní ọjọ́ 21, Bette Midler kọrin fún un títí tí omi fi lé sí i lójú. Ní ọjọ́ kejì, kò sí àlejò kankan lórí ètò. Ẹbí, ọ̀rẹ́ àti òṣìṣẹ́ ni ó kún gbọ̀ngàn. Carson jókòó sórí àpótí gíga, ó dúpẹ́, ó sì dágbére. Kò sì padà sídìí iṣẹ́ náà mọ́. Nígbà tí ó yọ lórí ètò David Letterman ní 1994, ó jókòó sídìí tábìlì, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ títí, ó sì dìde lọ láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 2005, Letterman fi ẹ̀fẹ̀ tí Carson ti kọ ránṣẹ́ sí i láti ilé ṣí ètò tirẹ̀. Òṣèré náà kò dẹ́kun ẹ̀fẹ̀. Ojú agbo ni ó kúrò. Jay Leno tí ó rọ́pò rẹ̀ lọ ní 2009, ó padà ní 2010, ó tún lọ ní 2014. Ìdágbére tí wọ́n bá ṣe lẹ́ẹ̀mejì kì í mú ẹkún wá bí ti àkọ́kọ́.

Ohun Tí Téèpù Kò Pa Mọ́

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé ẹ̀rọ ni ó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́, tí ẹnu sì ń gbàgbé. Ọ̀ràn Carson kò fi bẹ́ẹ̀ gbe èrò yìí. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú téèpù ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ ètò náà, kí ó tó kó láti New York lọ sí California ní 1972, ni wọ́n ti pa rẹ́. Díẹ̀ ni ó kù, irú bí alẹ́ ọjọ́ kan ní 1965 tí Ed Ames ju àáké sí àwòrán ọkùnrin kan lára pákó, tí àáké náà sì lọ kọ́ sí ibi tí kò ṣe é dárúkọ ní gbangba. Àwọn alẹ́ yòókù tí kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀ wà ní ọpọlọ àwọn tí ó wò wọ́n, wọ́n sì ń bá wọn darúgbó.

Ìyìn àti Oríkì

Nítorí pé ẹ̀rí òǹwòran ni ó dúró fún ohun tí ó sọnù, ó yẹ kí ó pé. Ọ̀ràn Joan Rivers fi hàn bí ó ṣe lè ṣàìpé. Orí ètò Carson ni Rivers ti gbajúmọ̀ ní 1965. Láti 1983 òun ni adelé tí ń tọ́kùn nígbà tí Carson bá gba ìsinmi. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ lórí tẹlifíṣàn Fox ní 1986, Carson kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Rivers kò tún fojú kan orí ètò náà títí di 2014, ọdún tí òun náà kú. Ẹni tí ó bá ń yin Carson pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún àwọn aláwàdà ọ̀dọ́, òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan náà ni ó tì mọ́ obìnrin yìí.

Oríkì kò bẹ̀rù irú èyí. Oríkì Ògún kò fi ẹ̀jẹ̀ tí ó ta sílẹ̀ pa mọ́, ọ̀pọ̀ oríkì orílẹ̀ sì ń mẹ́nu ba ìjà, gbèsè àti ìwà tí kò dára, láìsọ pé ẹni tí wọ́n ń kì kò níyì. Ìyìn ń ṣa ohun tí ó dùn. Oríkì ń sọ ẹni tí ènìyàn jẹ́.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀rọ̀ àwọn òǹwòran lórí ìfẹ̀yìntì Carson ní ìlànà, ó ní iṣẹ́, ó sì yẹ fún àkójọ àti ìtúpalẹ̀ bí lítíréṣọ̀ alohùn yòókù. Ẹni tí ó bá ń gbà á sílẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró sórí ìbéèrè pé kí ni ó pa òǹwòran lẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí ó béèrè ẹni tí Carson fi ṣe ẹ̀fẹ̀, àti ẹni tí kò pè wọlé mọ́. Àwọn tí ó wo ètò náà ní 1962 kò pọ̀ láyé mọ́, téèpù tí yóò jẹ́rìí bí wọ́n bá ti lọ tán kò sì tó nǹkan.